Àtàǹpàkò Tó Wà Lórí Rìsíìtì Tíṣà

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi tán kí ẹ tó bú mi. Ìyàwó mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rí. Pásítọ̀ wa ò gbọ́ ọ rí. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń gbé e kiri. Ọjọ́ kóòtù ti ku ọ̀sẹ̀ méjì, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́. Bí mo bá dé iwájú adájọ́ láì tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, mo mọ ara mi, irọ́ ni n ó pa.

Ẹ́jẹ́ǹtì ilẹ̀ ni mí, ní Ẹ̀gbẹ́dá. Kì í ṣe àwọn tó ń kan páálí mọ́ igi o. Mo ní ọ́fíìsì, mo ní sítáǹbù. Lọ́dún tó kọjá, ẹgbẹ́ àwa ẹ́jẹ́ǹtì àdúgbò fi mí ṣe alága ìgbìmọ̀ ìbáwí. Èmi ni mò ń gba ìwé iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá fi èrú ta ilẹ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín, jàre, ó tọ́ sí mi.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, abẹ́ ọ̀gá kan ni mo wà. Ọ̀gá mi ní kí n lọ ta ilẹ̀ ẹbí kan fúnra mi ní Ìgàndò, pé bí mo bá tà á yanjú, òun á ṣe fúrídọ̀mù fún mi. Tíṣà kan tó ń gbé Ṣáṣá ni mo rí. Onílé rẹ̀ ti ní kó kó jáde. Igbó ló pọ̀ jù ní Ìgàndò nígbà náà, ṣùgbọ́n Tíṣà fẹ́ràn ilẹ̀ yẹn. Òun àti Ìyá Dúpẹ́, ìyàwó rẹ̀, ń fi ẹsẹ̀ wọn ibi tí yàrá máa wà nínú koríko.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé ilẹ̀ ẹbí kì í ṣe ti ẹnì kan. Bí gbogbo àgbà ẹbí bá fọwọ́ sí i, tí olórí ẹbí ò bá sí níbẹ̀, òfo ni. Bàbá tó jẹ́ olórí ẹbí yìí ò mọ̀wé, àtàǹpàkò ló máa ń tẹ̀. Àìsàn sì ti dá a dùbúlẹ̀ láti bí oṣù mélòó kan.

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ kọ rìsíìtì ilẹ̀ náà, èmi àti Tíṣà jọ lọ sílé Bàbá lọ́sàn-án. Àwọn àgbà ẹbí méjì fọwọ́ sí i ní pálọ̀. Àbúrò Bàbá, tó jẹ́ akọ̀wé ẹbí, fọwọ́ sí tiẹ̀. Ó wá ní kí èmi nìkan gbé ìwé tẹ̀lé òun wọ yàrá Bàbá, pé Bàbá ò fẹ́ èrò. Tíṣà jókòó, ó gbé fìlà rẹ̀ lé orúnkún.

Bẹ́ẹ̀dì Bàbá ṣófo. Wọ́n ti ká fóòmù rẹ̀, wọ́n gbé e ti ògiri. Mo béèrè Bàbá. Akọ̀wé ẹbí ti ilẹ̀kùn, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Bàbá ti lọ láti ìjẹta. Mọ́ṣúárì ni wọ́n wà. A ò tíì túfọ̀."

Ó ní bí àwọn bá túfọ̀ pẹ́nrẹ́n, ìjà ta ni yóò jẹ olórí ẹbí máa bẹ̀rẹ̀, ó lè gba ọdún mẹ́ta, kò sì sẹ́ni tó máa lè ta ilẹ̀ kankan. Ó ní Bàbá ti gbà sí i kí wọ́n tó kú. Títí dòní, mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ó ṣí íńkì, ó tì í sọ́dọ̀ mi. Ó ní ọwọ́ òun ò lè ṣe é, ẹ̀gbọ́n òun ni.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní sọ pé èṣù ló tì mí. Fúrídọ̀mù mi ni mò ń rò. Mò ń rò ó pé ọ̀gá mi á ní mi ò mọ iṣẹ́. Mo ti àtàǹpàkò mi bọ íńkì, mo tẹ̀ ẹ́ síbi orúkọ òkú. Kò gba ìṣẹ́jú kan. Mo fi bébà nu ọwọ́ mi, mo jáde.

Tíṣà dìde. Ó bi mí bóyá òun lè wọlé lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá. Mo ní oorun ti gbé Bàbá lọ.

Ó ní, "Kò burú. Bí ẹ bá ti rí wọn, èmi náà ti rí wọn nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí n gbádùn láti ọjọ́ náà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n túfọ̀. Wọ́n sin Bàbá síwájú ilé, wọ́n kọ ọjọ́ tó kú sára sàréè. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ọjọ́ yẹn ló wà lórí rìsíìtì. Tíṣà lọ kí wọn, ó dúró níwájú sàréè náà, kò fọkàn sí ọjọ́. Èmi ka ọjọ́ náà. Látìgbà náà, òdìkejì títì ni mo máa ń gbà bí mo bá ń kọjá níbẹ̀.

Díẹ̀díẹ̀ ni Tíṣà kọ́ ilé náà. Wọ́n kó wọ inú rẹ̀ kó tó ní fèrèsé. Ọdún méjì sẹ́yìn ni Tíṣà kú. Kò pẹ́ tí ọmọ Bàbá di olórí ẹbí, ó ní ilẹ̀ tí wọ́n tà láìsí bàbá òun, ilẹ̀ òun ni. Wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sára ògiri Ìyá Dúpẹ́ pé àwọn máa wó o. Nígbà tí obìnrin náà mú rìsíìtì lọ bá ọmọ Bàbá, ọkùnrin náà ò bá a jà. Ó mú un lọ síwájú sàréè, ó ní kó ka ọjọ́.

Ọ̀rọ̀ ti dé kóòtù. Akọ̀wé ẹbí ti kú. Àwọn àgbà méjì yẹn ti kú. Nínú gbogbo àwa tí a wà nídìí ìwé náà, èmi nìkan ló kù. Lọ́yà ẹbí sì ti ní kí wọ́n yẹ àtàǹpàkò orí rìsíìtì náà wò dáadáa.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, Ìyá Dúpẹ́ wá sílé mi. Ó ní ẹni tó kọ sàréè ló ṣi ọjọ́ kọ.

"Ẹ ṣáà wà níbẹ̀ nígbà tí Bàbá tẹ̀ ẹ́. Ẹ wá sọ ọ́ fún adájọ́, bùròdá. Mi ò ní ẹlòmíràn."

Àwọn kan ti wọ ilé rẹ̀, wọ́n tú gbogbo àpótí, ìwé yẹn ni wọ́n ń wá. Ó ní kí n bá òun tọ́jú rẹ̀ di ọjọ́ kóòtù. Bó ṣe fẹ́ lọ, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ ọ̀tún mi mú. Ó pẹ́ kó tó fi í sílẹ̀. Mo rí i tó ń wo àtàǹpàkò mi.

Ẹ jọ̀ọ́, àpá wà níbẹ̀. Nígbà tí mò ń ṣánko fún àwọn tó ń wọn ilẹ̀ ní Ìkọ̀tún, àdá gé mi, ó dábùú ìka náà. Rìsíìtì wà níwájú mi báyìí. Ilà funfun dábùú àárín íńkì náà gbọnrangandan. Ọmọdé á rí i.

Bí mo bá sọ òótọ́, ìwé Tíṣà di òfo, wọ́n á wó ilé lé opó àti ọmọ mẹ́rin lórí, èmi á sì lọ sẹ́wọ̀n. Bí mo bá purọ́, tí wọ́n sì yẹ ìka wò, ibì kan náà la máa já sí. Mo ti mú ìṣáná lẹ́ẹ̀mejì, mo ti gbé e padà lẹ́ẹ̀mejì. Ìwé yẹn nìkan ni obìnrin yìí ní.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin lọ́yà tó bá wà láàárín yín, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Lánàá, Ìyá Dúpẹ́ tún yà lọ́dọ̀ mi. Ó bi mí bóyá ìwé òun ṣì wà. Mo ní ó wà, kó fọkàn balẹ̀, mo rí i láàárọ̀ yẹn. Kò jókòó. Ó ní òun fẹ́ fi ojú ara òun rí i.