Abdul-Rasheed Kò Pe Séidou Létí Òkun

Yéè, Abdul-Rasheed, gbé pọ́tábù rẹ yìí àti fọ́tò inú rẹ̀ kúrò lójú mi! Mo ti rí òkè tó ń rú èéfín, mo ti rí òpó òkúta àwọn ará àtijọ́, o ní wọ́n ti pẹ́ ju Kétu lọ, o kú iṣẹ́! Ṣé Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ tiwa, ti sú ọ wò ni? Mo rí ìrẹsì tí wọ́n ṣù róbótó tí wọ́n dín bí àkàrà, mo rí ẹja nínú àwo, mo rí ẹ̀rín lẹ́nu rẹ. Séidou mi ńkọ́?

Ọmọ ìyá mi ni ọ́ o! Nígbà tí o ní àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ ní Faransé pè ọ́ lọ wo erékùṣù Sísílì ní Ítálì, ta ló kọ́kọ́ bú sẹ́kún ayọ̀? Èmi ni! Nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọkọ̀ ojú omi ọmọ mi dorí kọ, tí ohùn rẹ̀ kò sì dé etí wa mọ́. Kí ni mo wá bẹ̀ ọ́? Ṣé mo ní kí o ra bàtà bọ̀ fún mi ni? Mo ní kí o dúró létí omi, kí o fi oríkì pè é, bí ẹbí ìyá ti ń dúró lẹ́nu igbó Idigny pe ẹni tó bá ṣìnà. Bó bá wà láàyè, kí orí rẹ̀ gbọ́, kó rántí ilé. Bí kò bá sì sí mọ́, kó tẹ̀lé ohùn rẹ wálé, kí n mọ ibi tí mà á ti sunkún. Gbólóhùn kan péré, Abdul-Rasheed!

O ní kí ni? Àwọn èèyàn ń jẹun nítòsí, ojú tì ọ́? Háà! Ojú ò tì ọ́ láti la ẹnu gbàgà sí ẹja wọn, ojú ò tì ọ́ láti na apá bí ẹni fẹ́ fò kí wọ́n lè yà ọ́ ní fọ́tò, oríkì ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ ló wá di ohun ìtìjú! Ta ló tiẹ̀ mọ̀ ọ́ níbẹ̀? Wàláì, láti ọjọ́ tí o ti lọ ni mo ti ń tẹ́tí sí ẹnu ọ̀nà, bí alùpùpù kan bá dúró, mà á ní ó ti gbọ́, ó ti ń bọ̀. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹnikẹ́ni kò pè é.

Dìde ńlẹ̀, ìdọ̀bálẹ̀ kọ́ ni mo fẹ́. Fídíò òkun tí o fi hàn wá lánàá, èyí tí omi ń hó yẹn, mú un jáde. Mo ní mú un jáde! Jẹ́ kó pariwo dé ibi tó lè dé. Ṣebí omi yẹn náà ni? Gbé e sún mọ́ ẹnu mi.

Séidou! Àjàní o! Ìyá rẹ ló ń pè ọ́. Máa bọ̀ wálé.