Abọ́ Ìfọwọ́ Wọ́ọ̀dù Àwọn Ọmọdé

Alága wa, Dókítà Akínwándé, ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn yìí, mo dọ̀bálẹ̀ sà. Màmá Gbọ́njúbọ́lá, mètírọ́ọ̀nù wa, ẹ kú ìjókòó mà. Dókítà Títíladé tí ẹ ti yunifásítì wá, ẹ kú ìrìn. Ẹ̀yin èèyàn mi tí ẹ wá síbi àpèjẹ ìdágbére mi, mo kí gbogbo yín pátá.

Ọdún mẹ́fà ni èmi Láyí fi ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò níbí kí n tó máa lọ kàwé sí i. Ilé ìwé abúlé ni mo ti wá. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fojú sí máíkírósíkóòpù, irun ìpéǹpéjú ara mi ni mo rí, ni mo bá pariwo pé ọwọ́ ti ba kòkòrò àrùn. Màmá ní, "Láyí, jọ̀ọ́, má fi ẹ̀rín pa wá." Ẹ ṣé tí ẹ kò lé mi, mà.

Ẹ rántí egbò àwọn ọmọ lọ́dún tó kọjá, èyí tí oògùn ampisílíìnì kò rí gbé ṣe. Ta la dá lẹ́bi? Àpèkẹ́ tó ń gbálẹ̀ wọ́ọ̀dù ni. A ní omi àdúrà tó ń gbé bọ̀ láti ìjọ Kérúbù ló kó kòkòrò wọlé, a sì ní kó máa lọ ilé. Dókítà Títíladé yẹ omi náà wò, wọn ò rí nǹkan kan. Wọ́n wá yọ àbùdá tí òyìnbó ń pè ní jíìnì nínú kòkòrò egbò náà, èyí tó ń jẹ́ kó tàpá sí oògùn. Wọ́n ní àwọn kòkòrò a máa gba irú àbùdá bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ara wọn, bí aládùúgbò ṣe ń fọnná lọ́dọ̀ aládùúgbò.

Ni èmi olóríkunkun bá lọ bu omi inú abọ́ ìfọwọ́ wa fún wọn, mi ò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ ṣáà mọ bí a ṣe ń ṣe é: ọ̀gá á kọ́kọ́ kiwọ́ bọ̀ ọ́, Màmá á tẹ̀ lé wọn, àwọn nọ́ọ̀sì á tò bí wọ́n ṣe dàgbà sí, omi kan, táwẹ́lì kan, bí ẹni fẹ́ jẹ iyán nílé. Ọmọdé tó mọ ọwọ́ wẹ̀ á bá àgbà jẹun, àbí? Kòkòrò náà mọ̀ ọ́n wẹ̀ ju gbogbo wa lọ! Dókítà yẹ omi abọ́ náà wò: àbùdá inú rẹ̀ àti ti inú egbò, ọ̀kan náà ni. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ yéé rẹ́rìn-ín, ọwọ́ yín náà wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, abọ́ pòórá, kẹ́ẹ̀gì ẹlẹ́nu ẹ̀rọ dé, egbò sì ń jinná. Ṣùgbọ́n ta ló ránṣẹ́ pe Àpèkẹ́ padà? Èmi gan-an ńkọ́? Oṣù mẹ́ta ni mo fi panu mọ́, nítorí mo fẹ́ kí ọ̀gá kọ ìwé ẹ̀rí rere fún mi. Wọ́n kọ ọ́ ní àárọ̀ yìí, ó wà lápò mi, ìdí nìyẹn tí ẹnu mi fi mú báyìí. Àpèkẹ́, ìwọ tí mo pè wá, tí o jókòó lẹ́yìn lọ́hùn-ún, dárí jì mí. Ojo ni mo ṣe.

Alága, tí ẹ bá fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí mi padà, òun rèé lórí tábìlì. Lẹ́tà tí ó ní kí Àpèkẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bírò rèé. Títí ẹ ó fi fọwọ́ sí i, mi ò ní jókòó, ìrẹsì yín á sì tutù.

Ẹ wò ó, ọ̀gá ń wá awò ojú wọn… Ó wà lórí yín, sà.

Wọ́n ti fọwọ́ sí lẹ́tà Àpèkẹ́! Wọ́n sì ti ti ìwé ẹ̀rí tèmi padà sí mi. Àpèkẹ́, Mọ́ńdè lo máa padà sẹ́nu iṣẹ́ o!

Ọ̀gá mi, ẹnu mi le, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn yín ni mo wà títí ayé. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí oògùn tó yẹ kó gbà wá kọ iṣẹ́ lára wa. Gbogbo ọmọ tí wọ́n bá gbé wọ ilé ìwòsàn yìí, ẹsẹ̀ ara wọn ni wọn yóò fi rìn jáde. A ó máa gbọ́ ire ara wa. Ẹ ṣé o, ẹ ṣé gan-an ni.