Ọwọ́ Òsì Tí Wọ́n Ní Kò Yẹ fún Ìre

Ẹ̀yin ará, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí n dúró síwájú yín lónìí, tí ẹnu mi ṣì ń sọ̀rọ̀ já gaara.

Ẹ mọ̀ pé rọpárọsẹ̀ kọlù mí lọ́dún tó kọjá. Ẹ̀mí mi kò lọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún mi kú, ọwọ́ tí mo fi kọ ẹ̀kọ́ Bíbélì sójú bọ́ọ̀dù fún ọgbọ̀n ọdún.

Nígbà tí ìgbéyàwó Bùkọ́lá, ọmọ mi kan ṣoṣo, ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Ìyá Ìjọ wá bá mi nílé ní Bódìjà. Wọ́n ní, “Màmá Bùkọ́lá, ẹ má bínú o. A kì í fi ọwọ́ òsì súre fún ìyàwó. Màá bá yín gbé ọwọ́ lé e lórí.” Wọ́n mu mínírà mi tán kí wọ́n tó dìde.

Èyí tó dùn mí jù ni pé Bùkọ́lá fẹ́ gbà. Ó ní, “Màmi, kí ni àwọn àna máa sọ?” Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò tọrọ ọwọ́ tuntun. Mo ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí n fi èyí tó kù súre fún ọmọ mi.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀lé e, àwọn ọ̀dọ́ ìjọ gbé fíìmù àtijọ́ kan wá sí họ́ọ̀lù. Nínú rẹ̀, bàbá kan ń kú lọ, àwọn ọmọ rẹ̀ méjì ń jà. Níparí, ó gbé ọwọ́ méjèèjì kọjá ara wọn: ọ̀tún sórí àbúrò, òsì sórí ẹ̀gbọ́n. Àwọn èèyàn kùn. Ìyá Ìjọ ní, “Ẹ ò rí i? Ó ti ṣépè fún ẹ̀gbọ́n.”

Pásítọ̀ ní, “Màmá Tíṣà, ẹ là á yé wa.” Mo fi ọ̀pá dìde. Mo ní Jákọ́bù ni fíìmù náà ń tọ́ka sí, nígbà tó ń súre fún àwọn ọmọ Jósẹ́fù. Orí Mánásè tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ni ọwọ́ òsì wà, síbẹ̀ Jákọ́bù ní òun náà yóò di ńlá. Èpè wo ló wà níbẹ̀?

Ìyá Ìjọ ní, “Ti àwọn Júù nìyẹn. Yorùbá ni wá.”

Mo ní, “Ọlọ́run ta wá ni ẹ ń wá sìn níbí ní gbogbo Sọ́ńdè?” Họ́ọ̀lù bú sẹ́rìn-ín.

Bùkọ́lá dìde lẹ́yìn, ó wá kúnlẹ̀ níwájú mi, ó fúnra rẹ̀ gbé ọwọ́ òsì mi lé orí ara rẹ̀. Ó ní, “Màmi, ẹ bẹ̀rẹ̀ níbí. Ẹ ó tún un ṣe lójú àwọn àna.”

Lánàá, Sátidé, mo tún un ṣe. Bàbá ọkọ ló kọ́kọ́ ṣe àmín. Ìyá Ìjọ, ẹ má wo ilẹ̀. Mo gbọ́ àmín tiyín náà, bó tilẹ̀ kéré.

Ẹ̀yin ará, Ọlọ́run ló ni ògo yìí, ẹ bá mi yọ̀. Ẹ gbé ọwọ́ sókè kí ẹ yìn ín, èyí tó bá wù yín.