Èmi Ni Mo Sún Pákó Orí Gọ́tà

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán ná. Nǹkan kan wà lọ́kàn mi tí mo ti ń gbé kiri láti ọjọ́ pípẹ́, bí ẹni gbé ìkòkò gbígbóná tí kò rí ibi sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Mi ò mọ̀wé. Ọmọọmọ mi, Rúkà, ló ń bá mi kọ ọ́. Ọ̀fà ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ Yorùbá, lọ́dọ̀ àwọn ẹbí ìyá rẹ̀, kó tó wá bá wa ní Accra. Mo ní ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má bá mi tún un ṣe.

Ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ báyìí ni pé orogún mi, Ìyá Súlè, ń ṣàìsàn. Kókó ògì nìkan ló ń mu, ìyẹn náà kò ju ẹnu kan lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó pè mí sí yàrá rẹ̀, ó ní kí n ṣe ìlérí kan fún òun. Mo ń bọ̀ wá débẹ̀.

Lagos Town, níbí ní Accra, ni ilé wa wà. Ọkọ wa ló kọ́ ọ kó tó kú. Èmi ni ìyáálé, ṣùgbọ́n ìyàwó bímọ ṣáájú mi. Súlè ni tirẹ̀, Ràímì ni tèmi. Ẹ̀yìn Ìyá Súlè ni Ràímì dàgbà sí, torí èmi kì í gbélé, ọjà Kaneshie ni mo ti ń ta abẹ́rẹ́, òwú àti bọ́tìnnì. Mi ò ní parọ́ mọ́ orogún mi. Kò fìgbà kankan fìyà jẹ ọmọ mi.

Súlè kọ́ iṣẹ́ káfíńtà. Ràímì ń ta ẹ̀yà mọ́tò ní Abossey Okai, Ọlọ́run sì bù sí i fún un. Ó ní bọ́ọ̀sì kan nígbà yẹn. Gbogbo ilé ló ń wọ̀ ọ́. Òun ló ń kó ẹrù mi lọ sọ́jà, òun ló ń gbé wa lọ síbi ìsìnkú àti ìsọmọlórúkọ. Òun náà ló ń gbé Ìyá Súlè lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ojú rẹ̀ tó ti ń ṣe bàìbàì.

Àfi bí Ràímì ṣe ta bọ́ọ̀sì náà. Ó da owó rẹ̀ pọ̀ mọ́ owó mìíràn, ó fi ra mọ́tò kan tó gba ojú òkun wá sí Tema. Mi ò mọ orúkọ mọ́tò náà. Ó pupa fòò, ó fẹ̀ bí bẹ́ẹ̀dì ìyàwó tuntun, ó sì kúrú bí àpótí ìdáná. Tó bá ń dún, ife á máa gbọ̀n nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Èèyàn méjì péré ló ń gbà. Ilé wa kún fọ́fọ́ láti iwájú dé ẹ̀yìnkùlé, mọ́tò wa wá ń gba èèyàn méjì! Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ló wà lẹ́yìn, ibi ẹrù ló wà níwájú, ibi ẹrù ọ̀hún kò sì gba páálí bọ́tìnnì mi kan.

Ẹ ń bèèrè iye tó rà á? Wọn kò tíì gé òdo kúrò lára sìdí, owó Ghana, nígbà yẹn, mi ò lè pe owó náà tán. Súlè ló túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ó ní, "Ìyá, ilé mẹ́ta ni, ní Ashaiman, tòun ti òrùlé."

Nílé tiwa, bí ọmọ bá ra mọ́tò, ìyá rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ jókòó sínú rẹ̀, yóò ṣàdúrà sí i, kí ẹlòmíràn tó wọ̀ ọ́. Gbogbo ilé pé. Mo wọlé bí ẹni já sí kòtò. Mo ṣàdúrà, wọ́n ṣe àmín. Ràímì ní òun á gbé mi dé ìdí ọjà mi ní Kaneshie kí gbogbo èèyàn lè rí mi.

Wọ́n rí mi lóòótọ́. Nígbà tí a débẹ̀, mi ò lè jáde. Orúnkún mi kọ̀ jálẹ̀. Ìjókòó náà fà mí mọ́ra bí ẹrẹ̀. Obìnrin Ga tó ń ta ẹja gbígbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọgun pé, "Ẹ wá wo Alata o! Mọ́tò ọmọ ẹ̀ ti gbé e mì!" Àwa Yorùbá ni wọ́n ń pè ní Alata. Ó di apá mi kan mú, oníkẹ́ńkẹ́ tó ń ta ẹ̀kọ àwọn Ga di èkejì mú, wọ́n fà mí. Ìró mi tú. Ọjà rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé torí ìtìjú yẹn ni mo ṣe ṣe ohun tí mo ṣe. Ìtìjú wà níbẹ̀, mi ò sẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló pọ̀ jù.

Ràímì máa ń gbé mọ́tò náà sáré lójú ọ̀nà Tema. Ó ní kẹ́ńkẹ́ tí òun bá rà níbí, òun á jẹ ẹ́ ní Tema kó tó tutù. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní irú rẹ̀. Ojú ọ̀nà yẹn ni ọ̀rẹ́ náà kú sí. A lọ kí ìyá rẹ̀. Obìnrin náà kò sunkún. Ó kàn ń ká aṣọ ọmọ rẹ̀, ó ń tú u, ó tún ń ká a.

Mo bẹ Ràímì. Mo ní kó tà á. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá, ṣebí ẹ̀yin lẹ ṣàdúrà sí i lójú gbogbo ayé? Kí ló wá ń bà yín lẹ́rù?" Àdúrà tí mo ṣe ti di okùn lọ́rùn mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti gọ́tà. Gọ́tà ńlá wà níwájú ilé wa, afárá símẹ́ńtì kan sì wà lórí rẹ̀ tó ga láàárín bí ẹ̀yìn ìjàpá. Bọ́ọ̀sì ń gorí rẹ̀ láìsí wàhálà. Mọ́tò pupa yìí kò lè gùn ún, ikùn rẹ̀ á gbé kọ́ síbẹ̀. Súlè ló lọ la pákó méjì tó nípọn, ó wọ̀n wọ́n mọ́ ẹsẹ̀ mọ́tò, ó ń tẹ́ wọn sórí gọ́tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá. Bí Ràímì bá fẹ́ jáde, Súlè á tẹ́ pákó. Bó bá fẹ́ wọlé, Súlè á tún tẹ́ ẹ. Ẹ̀gbọ́n ni Súlè o. Ṣùgbọ́n Ràímì ló lówó.

Súlè máa ń fi mọ́tò náà ṣe yẹ̀yẹ́. Á ní, "Gọ́tà tí adìẹ ń fò, mọ́tò olówó ò lè fò ó." Ràímì á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ kì í bú mọ́tò." Súlè á ní, "Kẹ̀kẹ́ mi ń gbé èèyàn méjì. Mélòó ni tìrẹ ń gbé?" Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín. Ràímì kì í rẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ àwàdà yìí sọ́kàn, torí òun ni wọ́n padà fi dá Súlè lẹ́bi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Súlè ti tẹ́ pákó tán, ó wọlé lọ jẹun. Mo gbé omi ìdọ̀tí jáde láti dà á nù. Kò sí ẹnikẹ́ni níta. Mo wo pákó. Mo fi ẹsẹ̀ tì í, kò lọ. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fọwọ́ fà á títí ìdí rẹ̀ fi fẹ́ẹ̀ kúrò létí gọ́tà. Orúnkún tó kọ̀ láti gbé mi jáde nínú mọ́tò, lọ́jọ́ yẹn ó gbà kí n bẹ̀rẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tó wà lọ́kàn mi. Tórotóro, bọ́ọ̀sì akérò wa níbí, ni mo mọ̀. Ojoojúmọ́ ni tórotóro ń kó sí gọ́tà ní Kaneshie. Àwọn ọkùnrin á péjọ, wọ́n á gbé e jáde, awakọ̀ á gbá a nípàá, á sì máa lọ. Mo rò pé mọ́tò tó wọ́n tó ilé mẹ́ta yóò le ju tórotóro lọ. Mo rò pé yóò kàn ha lára, Ràímì yóò kórìíra rẹ̀, yóò tà á, yóò ra bọ́ọ̀sì mìíràn. Mi ò mọ̀ pé bí owó mọ́tò bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ikùn rẹ̀ ń rọ̀ sí i.

Bí Ràímì ṣe gbé mọ́tò gun pákó, pákó yẹ̀. Mọ́tò ṣubú, ó dún bí ìgbà tí òrùlé já. Ràímì fi ẹnu gbá ọwọ́ ìdarí ọkọ̀, ètè rẹ̀ bẹ́. Epo dúdú ń dà sínú gọ́tà. Wọ́n gbé mọ́tò náà wọ inú ọgbà padà, kò sì jáde mọ́. Ràímì tó ń ta ẹ̀yà mọ́tò fún gbogbo Accra, kò rí ẹ̀yà tirẹ̀ rà. Wọ́n ní òkè òkun nìkan ló wà, owó rẹ̀ sì tó ra mọ́tò mìíràn. Ó ṣì wà nínú ọgbà títí di òní, lábẹ́ tapólì. Adìẹ ń yé sábẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni a ti ń sá aṣọ tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ni a ti ń kírun ọdún. Báyìí a máa ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn kọjá lára rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àbúrò ọkọ wa tó jẹ́ olórí ẹbí pe gbogbo ilé jọ. Ràímì nawọ́ sí Súlè. Ó ní, "Òun ló tẹ́ pákó. Òun ló ń fi mọ́tò mi ṣẹ̀sín. Ó ń jowú mi." Wọ́n gbé Kùránì wá. Súlè wẹ ọwọ́, ó búra pé pákó gún régé nígbà tí òun tẹ́ ẹ. Wọ́n bi àwọn ayálégbé, wọ́n búra. Ìyá Súlè náà búra. Nígbà tó kàn mí, olórí ẹbí gbé Kùránì kọjá níwájú mi. Ó ní, "Ta ni yóò ní kí ìyá Ràímì búra lórí mọ́tò Ràímì?"

Mo dákẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀ṣẹ̀ tí mò ń jẹ́wọ́ gan-an nìyí. Sísún pákó kò tó o. Wọ́n ní Súlè fi Kùránì búra èké, mo sì dákẹ́. Ta ni kò ní gbà á gbọ́? Ọmọ orogún ni, tálákà ni, ó sì ti bú mọ́tò. Mo rò pé tó bá di ọ̀la màá sọ ọ́. Súlè kò dúró de ọ̀la. Ó kó àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ sórí kẹ̀kẹ́, ó gba Ashaiman lọ. Kò tẹsẹ̀ bọ ilé yìí mọ́.

Ojú Ìyá Súlè fọ́ nígbẹ̀yìn. Kò sí bọ́ọ̀sì tí yóò máa gbé e lọ gbàtọ́jú. Láti ìgbà yẹn, ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun, ó máa ń táràrà wá sí ẹnu ọ̀nà mi, á kúnlẹ̀, á ní, "Ìyáálé mi, ẹ má bínú. Ẹ bá mi forí ji Súlè. Ẹ bá mi bẹ Ràímì." Èmi á ní, "Ó ti tán, dìde." Ẹ wo irú ẹnu tí mo fi ń sọ ọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá wàyí, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní òun ti ń lọ. Ó ní ẹni tó fi Kùránì búra èké, òun kò fẹ́ kó bu yẹ̀pẹ̀ sí òun lára. Ó ní, "Tí mo bá kú, kí Súlè má dé ibi sàréè mi. Ẹ̀yin ni ìyáálé, ẹ bá mi dì í mú." Kò fi ọwọ́ mi sílẹ̀ títí mo fi dáhùn. Mo ní mo gbọ́.

Tí mo bá mú ìlérí yẹn ṣẹ, ọmọ tí kò ṣẹ̀ ni a ó lé kúrò níbi sàréè ìyá rẹ̀. Tí mo bá sọ òtítọ́, mi ò mọ̀ bóyá ọkàn rẹ̀ lè gbà á, bó ṣe rí yẹn. Ràímì ńkọ́? Ó ti fi gbogbo ọdún yìí kórìíra ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nítorí tèmi.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí mi ò tíì sọ. Súlè kò wá sílé, ṣùgbọ́n ó rán ọmọ rẹ̀ obìnrin wá láti máa fa ìyá òun lọ́wọ́. Rúkà tó ń kọ ìwé yìí ni. Mo mọ̀ ọ́n mọ̀ pè é ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló mọ̀wé nínú ilé yìí.

Nígbà tí mo dé ibi pákó, ó dá bírò dúró. Kò sunkún. Ó ní, "Ìyá àgbà, ṣé kí n kọ orúkọ bàbá mi síbẹ̀ náà?" Mo ní kó kọ ọ́. Ó kọ ọ́. Ẹ̀yin náà ti rí i.

Ó dìde láti lọ fún Ìyá Súlè ní kókó rẹ̀; ìgbà tó padà ni mo sọ èyí kó kọ ọ́. Mo ní, "Rúkà, jọ̀ọ́, má tíì sọ fún wọn." Ó gbé kókó, ó jáde. Mo jókòó síbí, mo fetí sílẹ̀, mi ò gbọ́ nǹkan kan àfi ìró ṣíbí.

Ó padà dé. Ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Ìyá ní kí n kí yín. Wọ́n ní torí àìsàn àwọn ò lè wá sí ẹnu ọ̀nà yín ní Jímọ̀ yìí. Wọ́n ní kí ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ bá àwọn forí ji bàbá mi."

Bí wọ́n ṣe rán an ló ṣe jẹ́ ẹ, kò yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò. Ó ti mú bírò báyìí, ó ń wò mí lójú.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá, ẹ̀yin tí ẹ bímọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn. Kí ni kí n ní kó lọ sọ fún un?