Símẹ́ńtì Tí Kò Sí Nínú Páìpù

Àṣegbé kan ò sí, àṣepamọ́ ló wà. Èyí tí èmi pa mọ́ sínú ògiri ilé yìí kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ mọ́. Lọ́la ni àwọn dókítà yóò fọ̀bẹ kan ikùn mi, n kò sì fẹ́ kí wọ́n bá ọ̀rọ̀ yìí níbẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀yin gan-an lọ̀rọ̀ kàn.

Gbogbo yín mọ̀ pé ìyá yín yìí ló tọ́ mi nígbà tí ìyá wa kú. Ẹ̀yìn wọn ni mo sùn dàgbà, inú àwo wọn ni mo ti jẹun yó. Nígbà tí wọ́n wá kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yìí, èmi oníwáyà ni wọ́n gbéṣẹ́ iná fún, wọ́n sì fún mi ní yàrá kan nísàlẹ̀. Kí àwọn tó ń rẹ́ ògiri tó dé, wọ́n dúró sínú eruku lókè níbí, wọ́n fọwọ́ lu búlọ́ọ̀kù: "Àbíkẹ́yìn ìyá mi, ibí ni kí o fa wáyà tẹlifíṣọ̀n àti ti íńtánẹ́ẹ̀tì sí. Mo fẹ́ máa dùbúlẹ̀ kí n máa wo ojú ọmọ mi tó wà lókè òkun."

Mo ní, "Ó ti parí, ẹ̀gbọ́n mi." Àmọ́ inú mi ń sọ tirẹ̀. Bí wọ́n bá rí tẹlifíṣọ̀n lókè, kí ni yóò tún gbé wọn sọ̀kalẹ̀ wá bá mi? Owú ni o, owú àgbàlagbà, tó burú ju ti ọmọdé lọ. Mo ri páìpù sínú ògiri, n kò fa wáyà kankan gba inú rẹ̀. Wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ráyè wọ̀ ọ́. Birikílà pa ẹnu ògiri dé, èmi náà de ìdérí funfun kan mọ́ ọn, ó ń dán bí eyín ọmọge. Lẹ́yìn rẹ̀, òfìfo.

Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, mo mi orí bí ẹni tó mọ nǹkan: "Símẹ́ńtì ti dí páìpù. Àfi ká fọ́ ògiri."

"Ògiri tuntun mi? Fi í sílẹ̀ jàre!"

Bí wọ́n ṣe ń sọ̀kalẹ̀ wá sí pálọ̀ nírọ̀lẹ́-ìrọ̀lẹ́ nìyẹn. A ó jọ wo ìròyìn, wọn a ní mo ń hanrun, èmi a ní àwọn ló ń hanrun. Kò sí adùn tí mo jẹ láyé tó ju ìyẹn lọ. Mo ń gbọ́ bí orúnkún wọn ṣe ń ké lórí àtẹ̀gùn, inú mi sì ń dùn! Ẹ gbọ́ ìwà ìkà.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n ṣubú lórí àtẹ̀gùn, tí itan wọn dá, èmi ni mo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n rí omijé lójú mi, wọ́n nawọ́ nù ún: "Má sunkún mọ́. Ṣé ìwọ lo kọ́ àtẹ̀gùn ni?"

Wọ́n ṣì wà ní ọsíbítù nígbà tí mo gòkè, tí mo ti wáyà bọ inú páìpù. Ó wọlé wẹ́rẹ́, kò há níbì kankan. Nígbà tí wọ́n gbé wọn dé, tí ojú ọmọ wọn yọ nínú tẹlifíṣọ̀n lára ògiri, wọ́n wò mí títí: "Àbíkẹ́yìn, símẹ́ńtì náà ti wá yọ́ ni?"

Mo ní, "Ọlọ́run ló ṣe é." Ẹ̀yin èèyàn, mo fi orúkọ Ọlọ́run rẹ́ irọ́ mi bí ẹni rẹ́ ògiri!

Ẹ̀yin ọmọ, bí ojú ẹnì kan bá ń wù yín rí, ẹ gun àtẹ̀gùn lọ bá a; ẹ má fi ògiri dè é. Èmi náà ti ń gùn ún báyìí, orúnkún tèmi náà sì ń ké. Ẹ̀gbọ́n mi, mo bẹ̀ yín. Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n yẹn ná, kí ẹ bojú wò mí. Bí ẹ bá sì fẹ́ fà mí létí bí ìgbà tí mo wà ní kékeré, ẹ wò ó, mo ti sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Etí mi rèé.