Jáàkì Ò Wá Ìyàwó

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìjókòó. Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ìyá wa, ẹ kú ọ̀fọ̀ ọmọ. Kò yẹ kó jẹ́ ẹ̀yin la máa kí lónìí.

Ẹni tí kò bá mọ̀ mí, èmi ni ọ̀gá olóògbé, Jáàkì wa, ní ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń tún ọkọ̀ akẹ́rù ṣe. Ọdún mẹ́rìndínlógún la fi jọ ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ń retí pé kí n sunkún, kó má retí mọ́. Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Tèmi kì í rí bẹ́ẹ̀. Tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, mi ò ní rí nǹkan kan mọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni mo fẹ́ fi ojú mi méjèèjì wò yín bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún mi ní ìwé kan láàárọ̀, wọ́n ní kí n kà á fún yín. Òun ló wà lọ́wọ́ mi yìí. Ìwé náà dáa. Ó ní olóògbé mọṣẹ́ rẹ̀. Òótọ́ ni. Ó ní kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ẹ bi àwọn oníbàárà wa! Ibi tí bóòtù mẹ́rin bá yẹ kó wà, mẹ́rin náà ló máa wà níbẹ̀. Bí ọlọ́kọ̀ bá ń kánjú, kó máa kánjú níbi tó jókòó sí. Ìwé náà wá ní: “Ó ń wá ìyàwó tó wù ú lọ́wọ́ nígbà tí ọlọ́jọ́ dé.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, Jáàkì ò wá ìyàwó.

Ẹ má kùn. Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́. Ìyá rẹ̀ mọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún wọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ̀. Gbogbo àwa tí a jọ ń ṣiṣẹ́ mọ̀. Ọkùnrin ló wù ú, kì í ṣe obìnrin. Bó ṣe mọ ara rẹ̀ nìyẹn, bó sì ṣe gbé ayé rẹ̀ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àwa ṣe mọ̀, torí ìtìjú tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, tèmi ni, kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹ mọ bó ṣe rí. Àyà fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, irùngbọ̀n kún ẹ̀rẹ̀kẹ́, ohùn rẹ̀ á bo ti ẹ́ńjìnnì mọ́lẹ̀. Ohun tó bá ti wúwo, òun là ń pè, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní Jáàkì. Pẹ́ńtà wa ẹ̀wẹ̀, tó jókòó sọ́hùn-ún yẹn pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ mẹ́rin... Pẹ́ńtà, ẹ káàbọ̀ o. Ohùn tirẹ̀ tínrín. Èékánná rẹ̀ mọ́ ju ti ìyàwó rẹ̀ lọ. Ó ń kun àtíkè, bó bá sì ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ á máa fò káàkiri.

Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan gbé òfófó wá pé ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ mi ń fẹ́ ọkùnrin. Ta lẹ rò pé a nawọ́ sí? Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Oníbàárà kan ní òun ò ní gbé ọkọ̀ òun wá mọ́. Mo pe Pẹ́ńtà, mo ní kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Ọmọ mẹ́rin o! Mo mọ gbogbo wọn lórúkọ. Ó ń kó búrọ́ọ̀ṣì sínú báàgì, ó ń bi mí pé, “Ọ̀gá, kí ni mo ṣe?” Mo ní, “O mọ ohun tí o ṣe.” Èmi gan-an ò sì mọ̀ ọ́n.

Jáàkì wà lábẹ́ lọ́rì kan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ la kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà la rí gbogbo rẹ̀. Ó fi àkísà nu ọwọ́, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí Pẹ́ńtà padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe ẹni tí ẹ ń wá. Èmi ni.”

A bú sẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́ mi? Ẹ̀rín la rín! Rẹwáyà, ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe fún wa, ní, “Ìwọ kẹ̀? Pẹ̀lú irùngbọ̀n yìí?” Ó ní, “Irùngbọ̀n nìwọ rí. Èmi ni mò ń gbé ẹ̀yìn rẹ̀.” Ó bá padà sábẹ́ ọkọ̀.

Ẹ rò ó wò. Kò sẹ́ni tó fura sí i. Kó ṣáà ti dùbúlẹ̀ síbẹ̀, kó máa yí bóòtù rẹ̀, ọ̀rọ̀ á ti lọ, ẹlòmíì á sì ti gbé e lọ fún un. Wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Èmi wà lára àwọn tó rà á lọ́jọ́ yẹn.

Pẹ́ńtà padà sẹ́nu iṣẹ́. Ohun tó tẹ̀lé e ni mi ò fẹ́ràn láti sọ. Iṣẹ́ jíà, èèyàn méjì ló ń wọ abẹ́ ọkọ̀. Ọ̀kan á gbé e sókè, ọ̀kan á ki bóòtù sí i. Láti ọjọ́ náà lọ, kò sẹ́ni tó bá Jáàkì wọ abẹ́ ọkọ̀ mọ́. Rẹwáyà ní ẹ̀yìn ń dun òun. Ẹlòmíì ní ìyàwó òun ò ní gbà. Oṣù mẹ́rin gbáko ló fi ń dá jíà gbé. Á fi ṣéènì so ó rọ̀, á fi orúnkún tì í, á máa ki bóòtù. Jíà lọ́rì o, ohun tó lè fọ́ àyà èèyàn! Èmi ọ̀gá jókòó lórí táyà, mò ń wò ó. Ojú tì mí. Bí mo ṣe dúró níwájú yín yìí, ojú ṣì ń tì mí.

Lọ́jọ́ kan, ṣéènì já. Kò ké. Ó fi àyà gba jíà náà, ó kàn ń mí gúlegúle. Mo rá wọlé, mo fi èjìká gbé e. A nà gbalaja síbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa fún wákàtí méjì. Ṣé ẹ fẹ́ mọ ohun tó bèèrè lọ́wọ́ mi? Sípánà nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún ni. Lẹ́yìn náà ó ní kí n yíjú sọ́hùn-ún, pé àlùbọ́sà tí mo jẹ ń ta òun lójú. Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì, Rẹwáyà bá a wọlé. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti san.

Láti àárọ̀ làwọn kan ti ń fojú bi mí pé àìsàn wo ló pa á. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Òun náà ló pa bàbá rẹ̀ tó bí ọmọ méje. Ẹ jẹ́ kí ojú yín sinmi.

Ní ilé ìwòsàn, ọkùnrin kan ń wá bọ́ ọ lójoojúmọ́, ó ń gé èékánná fún un, ó ń wẹ̀ ẹ́. Tíṣà ìṣirò ni. Nọ́ọ̀sì bi í lójú mi pé, “Kí lẹ jẹ́ sí aláìsàn?” Ó wo ẹ̀gbọ́n olóògbé, ó wolẹ̀, ó ní, “Alájọgbé.” Ọdún mọ́kànlá làwọn méjèèjì fi fẹ́ra! Ẹni tó mọ wákàtí oògùn rẹ̀, tó mọ orúnkún tó ń dùn ún tí òjò bá fẹ́ rọ̀, ó ní alájọgbé lòun. Mo bi í lánàá ohun tó fẹ́ kí n sọ fún yín. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ ṣáà má parọ́ mọ́ ọn. Ìyẹn ti tó mi.” Òun ló dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn láti ìgbà tí a ti wọlé, bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi. Ẹ gba ìwé yín. Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Ṣùgbọ́n ogún ọdún dà lọ́wọ́ òkú? Lọ́la la máa sin ín. Tí a bá fi irọ́ yìí sin ín, ẹlòmíì la sin.

Tíṣà, ẹ máa bọ̀. Mi ò ní àṣẹ lórí àga ẹbí, mẹkáníìkì lásán ni mí. Ṣùgbọ́n ẹ ṣáà máa bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó lójú ọ̀nà, ẹ fa ẹsẹ̀ yín sẹ́yìn, ẹ jẹ́ kó kọjá.

Ìyá wa ti gbé báàgì wọn kúrò lórí àga. Ẹ ṣeun, mà. Ẹ ṣeun.

Jáàkì, ó dìgbà. Mi ò ní sọ ohun tí wàá jẹ lọ́hùn-ún fún ọ, o ò gbọ́rọ̀ sí mi lẹ́nu rí. Kí ọ̀nà tẹ́jú fún ọ. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé ta lo fi sílẹ̀, má ṣe wolẹ̀. Sọ fún wọn pé opó rẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ, níbi tí opó ń jókòó sí.