Ẹ̀rọ Eré Tí Mo Sọ Pé Mo Ti Sun

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń gbé irọ́ kan káàkiri. Mo ti sọ ọ́ níwájú ìjọ lẹ́ẹ̀mẹrin, pẹ̀lú gbohùngbohùn lọ́wọ́. Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yìí, Bàbá mi fẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀karùn-ún ní Boni, níwájú àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n máa kó jọ láti àwọn abúlé ibẹ̀. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyẹn. Mi ò lè sọ ọ́ mọ́.

Mi ò ní dárúkọ ara mi, ṣùgbọ́n àwọn ará Ṣábẹ̀ẹ́ tó bá ka èyí máa mọ̀ mí. Kí wọ́n mọ̀ mí.

Ẹni ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ni mí. Mo gba lísáǹsì, oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì, nínú ìmọ̀ jọ́gíráfì, mo sì ń kọ́ni fún ìgbà díẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan, ilé ẹ̀kọ́ girama, bí mo ṣe ń dúró de iṣẹ́ gidi. Mo máa ń kó ẹ̀rọ eré fídíò àtijọ́ jọ, àwọn tó ń lo kásẹ́ẹ̀tì, tí a ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Mo ti ní mẹ́jọ. Mo ní mànẹ́ẹ̀tì mọ́kàndínlógún, ìyẹn ohun tí à ń dì mú lọ́wọ́ láti fi ta eré náà, àti ìbọn oníke kan tí wọ́n fi ń yin ẹyẹ lójú tẹlifíṣọ̀n. Púpọ̀ nínú wọn ni mo rí nínú ẹrù àlòkù tí ọkọ̀ ń já láti Kútọnu, láàárín firíìjì àti fáànù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí àwọn ènìyàn rò pé ìwà ọmọdé ni. Tí mo bá rí ẹ̀rọ kan tó ti kú, mo máa ń tú u. Mo máa ń fi òwú àti ọtí tí wọ́n fi ń nu ojú egbò nu eyín irin inú kásẹ́ẹ̀tì. Gbogbo ènìyàn ló máa ń fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i, wọn ò mọ̀ pé itọ́ ló ń jẹ́ kó dípẹtà. Tí mo bá tò ó padà, tí àwòrán àkọ́kọ́ yọ, tí orin kékeré yẹn bẹ̀rẹ̀, àyà mi máa ń balẹ̀. Àyà mi kì í sì í balẹ̀ bọ̀rọ̀. Mo lè kí ènìyàn láàárọ̀ kí n máa ronú títí di ìrọ̀lẹ́ bóyá mo kí i dáadáa. Àwọn ẹ̀rọ yìí kì í bi mí léèrè ìgbà tí màá ríṣẹ́. Mi ò ní tọrọ àforíjì nítorí wọn. Mo tètè sọ ìyẹn kí ẹ má bàa dúró dè é.

Nǹkan tí mo ṣe nìyí.

Nígbà tí mo fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kejì nínú bákì, ìdánwò àṣejáde kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni mo ní, aláwọ̀ eérú, tó ní mànẹ́ẹ̀tì méjì. Àgbẹ̀ kajú ni Bàbá ní Ofè, alàgbà sì ni wọ́n nínú ìjọ wa. Oníwàásù kan wá láti ìlú mìíràn nígbà náà, ó ní àwọn nǹkan kan wà tó ń so ọ̀dọ́ mọ́lẹ̀, pé kí a kó wọn wá kí a dáná sun wọ́n. Bàbá dé láti ìsìn, wọ́n dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá mi.

“Nǹkan yẹn ló ń jẹ ìwé rẹ,” ni wọ́n sọ. “Lọ́jọ́ Àìkú, ìwọ fúnra rẹ lo máa gbé e wá.”

Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ìṣirò ni mi ò mọ̀.”

“Kí ló dé tó ò mọ̀ ọ́n?”



Lọ́jọ́ Sátidé, gbogbo ilé lọ sí Ofè láti ṣa kajú. Mo ní inú ń run mí. Mo tú ẹ̀rọ náà, mo yọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, mo sì kó wọn sí ìsàlẹ̀ àpótí mi lábẹ́ ìwé. Ike ìta nìkan ló kù, ó sì ti fúyẹ́ jù. Bàbá máa ń fi ọwọ́ díwọ̀n bí nǹkan ṣe wúwo tó. Mo lọ sí ẹ̀yìn ilé, mo ṣa òkúta lẹ́sẹ̀ àpáta, mo fi àkísà wé e kó má bàa dún, mo tì í bọ inú ike náà, mo sì dè é padà. Kásẹ́ẹ̀tì tó ti bàjẹ́ pátápátá ni mo kó lé e lórí. Mo ṣe é dáadáa. Mi ò tíì ṣe iṣẹ́ tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, wọ́n dáná nínú ọgbà ìjọ. Bàbá gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e sókè díẹ̀, ẹ̀rù sì bà mí. Wọ́n jù ú sínú iná. Èéfín dúdú rú. A dúró títí. Lójijì, nǹkan bẹ́ nínú iná náà, ó dún bí ìbọn. Àwọn obìnrin fò sẹ́yìn. Oníwàásù gbé ọwọ́ sókè, ó ní, “Ó ti jáde kúrò lára ọmọ náà.” Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́.

Òkúta ló bẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ti sun oko lẹ́bàá àpáta ní Ṣábẹ̀ẹ́ mọ̀ pé òkúta wa máa ń bẹ́ tí iná bá jó o. Àgbẹ̀ ni gbogbo wọn. Ká ní oko ni wọ́n wà, wọn ì bá rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ronú òkúta nínú ẹ̀rọ eré? Èmi nìkan.

Mo yege nínú bákì lọ́dún náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe yege, torí ó ń dùn mí. Olùkọ́ kan tí wọ́n gbé wá láti Pobè, tó ń gbé ní àdúgbò wa tí wọ́n ń pè ní Plateau, ló ń kọ́ mi ní ìṣirò ní ìrọ̀lẹ́. Tí mo bá ṣe ìṣirò mẹ́wàá, mo máa ń gba ara mi láàyè láti ta eré fún ìgbà díẹ̀, láìsí ohùn, nígbà tí Bàbá bá wà lóko. Mo ti ra ike mìíràn fún un. Ní ọdún yẹn gan-an ni mo ta eré jù láyé mi. Tí ẹ̀rọ náà bá lágbára kankan, a jẹ́ pé òun ló fún mi ní bákì.

Ṣùgbọ́n ní ìjọ wa, ẹni tí nǹkan rere bá ṣẹlẹ̀ sí gbọ́dọ̀ jẹ́rìí. Bàbá kọ́kọ́ jẹ́rìí, wọ́n sì sunkún. Mi ò rí wọn kí wọ́n sunkún rí. Lẹ́yìn náà wọ́n fún mi ní gbohùngbohùn. Mo wo ojú wọn, mo sì ní bẹ́ẹ̀ ni, láti ọjọ́ tí a ti sun ún ni orí mi ti ṣí. Ẹ̀yin tó fẹ́ bú mi, ẹ kọ́kọ́ sọ fún mi pé ẹ̀yin ì bá sọ pé òkúta ni.

Ká ní ó parí síbẹ̀, ǹ bá má kọ̀wé. Irọ́ yẹn kò pa ẹnì kankan lára. Èyí tó tẹ̀lé e ló ṣe é.

Ọmọbìnrin kan wà nínú ìjọ wa tí mo fi ọdún méjì jù. Màá pè é ní Felisitẹ́. Kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin kú nínú jàǹbá ọkọ̀ lójú ọ̀nà Paraku, ó sì fi ẹ̀rọ eré kan sílẹ̀. Àwọn méjèèjì ló jọ ń ta á. Àtàǹpàkò ẹ̀gbọ́n náà ti pa gbogbo àmì orí mànẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ rẹ́. Mo ti fi ọwọ́ mi dì í mú rí. Ìyá rẹ̀ gbọ́ ẹ̀rí mi, ó sì ní kí ọmọ òun náà gbé e wá, torí bákì kù fẹ́ẹ́fẹ́.

Felisitẹ́ wá bá mi nídìí pọ́ǹpù omi.

“Ẹ̀gbọ́n,” ó ní, “nígbà tí ẹ ju tiyín síná, ṣé ó dùn yín?”

Mo lè sọ òtítọ́ fún un. Àwa méjì péré ni. Ṣùgbọ́n mo rò pé tó bá sọ ọ́ nílé, Bàbá máa gbọ́. Mo ní, “Ó dùn mí díẹ̀, lẹ́yìn náà ara mi fúyẹ́. Jù ú síbẹ̀. Ìwọ náà máa rí i.”

Ó jù ú síbẹ̀. Gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú mànẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Èmi náà wà níbẹ̀. Àwọn ènìyàn dúró kó bẹ́ bí tèmi ṣe bẹ́. Kò bẹ́. Wọ́n dúró títí iná fi kú. Ẹnì kan ní bóyá ó fi nǹkan pamọ́. Nígbà tí kò yege nínú bákì, ọ̀rọ̀ náà di òótọ́ lẹ́nu gbogbo wọn: ọkàn rẹ̀ kò mọ́, kò fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ń fi èmi wé e. Èmi ni ọmọ rere.

Ó ń ránṣọ báyìí nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, lẹ́yìn tí Bàbá sọ ọ̀rọ̀ Boni fún mi, mo lọ bá a, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ.

“Òkúta?”

“Òkúta ni.”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì wo aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. “Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Màmá tú àpótí mi. Kásẹ́ẹ̀tì tí kò sí ni wọ́n ń wá. Títí di òní, wọn ò tíì gbà mí gbọ́.”

Mo ní kó wá mú èyí tó bá wù ú nínú mẹ́jọ tí mo ní. Kò pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́. “Mi ò fẹ́ ẹ̀rọ rẹ,” ó ní. “Gbohùngbohùn ni o fi sọ ọ́. Gbohùngbohùn ni kó o fi kó ọ̀rọ̀ rẹ jẹ.”

Òótọ́ ló sọ, màá sì ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ̀wé sí mi pé kí n dákẹ́ nítorí ìyì ìdílé. Ẹ má sì sọ pé kí n kó àwọn ẹ̀rọ mi dànù kí ìrònúpìwàdà mi lè pé. Mi ò kábàámọ̀ pé mo gba ẹ̀rọ mi lọ́wọ́ iná. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nídìí pọ́ǹpù ni mo kábàámọ̀, òun sì ni mo ń tọrọ àforíjì fún, lọ́wọ́ ẹni kan ṣoṣo.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí. Ṣé kí n kọ́kọ́ sọ fún Bàbá nílé, àbí kí wọ́n gbọ́ ọ ní Boni pẹ̀lú gbogbo ènìyàn? Tí mo bá sọ ọ́ nílé, wọ́n máa ní kí n má sọ ọ́. Mo sì mọ ara mi, ọ̀rọ̀ kan láti ẹnu wọn tó láti pa mí lẹ́nu mọ́. Tí mi ò bá sọ ọ́ nílé, mo máa dójú ti bàbá tó sunkún ayọ̀ nítorí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn. Felisitẹ́ ti ní òun máa mú ìyá òun wá, àwọn sì máa tètè dé kí àwọn lè jókòó níwájú.